Wọ́n ní nǹkan funfun wà lẹ́nu ilé-ọmọ mi, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ gbígbóná jó o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀ (Ìgbógbó)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí mi ti dàrú, ẹ bá mi dá sí i.

Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fà mí lọ́wọ́ pé ká jọ lọ. Ọmọ ọdún 38 ni mí, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, kò síbi kankan tó ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì fi irin la ojú ara mi, ó fi òwú tó rẹ sínú nǹkan kíkan tó ń rùn bíi fínígà pa ibẹ̀, ó ní ká ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tó wò ó padà, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n ní apá kan ti funfun. Wọ́n kọ "VIA positive" sínú káàdì mi (VIA ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò nǹkan kíkan yẹn), wọ́n ní kí n padà wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná jó ibẹ̀, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọn ò kàn fẹ́ kó dà á ni. Bí mo ṣe gbọ́ "jẹjẹrẹ" lẹ́nu wọn báyìí, etí mi di, n ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èyí tó kù mọ́.

Ìyá ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó máa fi iná kan ilé-ọmọ ìyàwó òun, agbo ni wọ́n fi ń fọ irú rẹ̀ kúrò. Ọkọ mi ò tíì mọ gbogbo rẹ̀, mo kàn ní wọ́n yẹ̀ mí wò ni. Wọ́n tún ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é, èmi àti ọkọ mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ra fún oṣù kan gbáko. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn lójú ẹ̀? A ṣì ń wá ọmọ kan sí i. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọdún 11 náà, wọ́n ní kí n mú un wá gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá Bàráká (Ìjẹ̀dẹ̀)

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Àwa tá a bímọ kí ayé tó là báyìí, ta ló fi irin wo abẹ́ wa? Ìdọ̀tí inú ni nǹkan funfun yẹn. Wá omi gbígbóná, ju álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, jókòó lé e láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o sì máa mu agbo. Ohun tí mo fi tọ́jú àwọn ọmọ tèmi nìyẹn, ara wọn le koko.

Ìyá Ìbejì (Ẹbúté)

Ìyá Ayọ̀, ẹ má mì rárá. Èmi náà gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún tó kọjá, mo ṣì wà níbi tí mo ti ń ta aṣọ mi ní Sábó. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, torí ọ̀rọ̀ iná yìí ló kọ́kọ́ lé èmi náà sá.

Kò sí iná níbẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, orí ẹ̀ rí roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Wọ́n á tì í wọlé gba inú irin tí wọ́n fi la ojú ara, wọ́n á fi kan ẹnu ilé-ọmọ, ẹ̀rọ á dún, wọ́n á yọ ọ́. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, n ò tíì dé àmín tí wọ́n fi ní ó ti tán. Ìsàlẹ̀ ikùn mi fún pọ̀ bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, ó sì lọ kí n tó délé.

Ohun tí wọn ò tẹnu mọ́ fún mi tó ni omi. Omi á tú! Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, omi lásán tó tín-ín-rín, nígbà mìíràn á pọ́n díẹ̀. Ẹ ra páàdì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Mi ò lè wọ aṣọ funfun lọ síbì kankan ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ti bàbá ilé, mi ò fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní kó sìn mí lọ, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un pé egbò ló wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jiná. Ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ, kò lè ní èmi ni mò ń sá fún òun. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn, ó sì bá mi yọ.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ayọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, àyẹ̀wò yìí gan-an wà lára iṣẹ́ mi. Màmá wa ní Ìjẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún yín kí n tó sọ̀rọ̀, torí mo fẹ́ ta ko yín. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó fi álọ́ọ̀mù kan ibẹ̀. Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ, Dettol, omi gbígbóná gan-an, gbogbo ohun tá à ń fi bọ inú ojú ara yẹn, ńṣe ló ń bó o. Ojú ara ń fọ ara rẹ̀. Tó bá ti bó, kòkòrò á rọrùn fún láti wọlé. Agbo náà, ẹni tó mu ún mu ún, ṣùgbọ́n kò lè dé orí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yí padà lẹ́nu ilé-ọmọ kó sì mú wọn kúrò. Ibi tí ìbẹ̀rù mi wà nìyẹn: ẹni tó ń mu agbo á rò pé òun ń tọ́jú ara òun, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí funfun yẹn jẹ́. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ HPV. Ìbálòpọ̀ àti ìfarakanra abẹ́ ló ń gbé e rìn. Irú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tọpa ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó bá kó o, ara wọn á lé e jáde láàárín ọdún kan sí méjì, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wọlé rí. Lára àwọn díẹ̀, kò ní lọ. Á jókòó, á máa da sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé-ọmọ rú díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà yẹn di ìgbà tó máa di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20. Inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn la ti ń wá a. Nǹkan kíkan tí wọ́n fi pa yín yẹn máa ń sọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dàrú di funfun láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ojú lè rí i.

Nítorí náà, wọn ò sọ pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Kí wọ́n pè é ní pósítíìfù kò sọ ọ́ di jẹjẹrẹ.

Ti ẹ̀rọ náà: á gbóná tó 100 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í sì í pé ìṣẹ́jú kan lórí ibẹ̀. Awọ òkè nìkan ló ń kàn. Ẹnu ilé-ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ooru, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Kò kan ilé-ọmọ fúnra rẹ̀, kò kan ẹyin, kò ní kẹ́ ẹ má lóyún mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀ ń wá ọmọ: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ oyún wò kí wọ́n tó ṣe é. Tí oyún bá ti wà níbẹ̀, wọn ò ní jó o, wọ́n á ní kẹ́ ẹ bímọ ná.

Wọn kì í ṣe é fún gbogbo èèyàn o. Tí funfun náà bá gba ibi tó pọ̀ jù lọ lẹ́nu ilé-ọmọ, tàbí tó wọ inú ihò lọ tí ojú ò rí òpin rẹ̀, tàbí tó jọ pé ó ti ń di jẹjẹrẹ, wọ́n á kọ ìwé fún yín láti lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà. Wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n fi wáyà oníná gé apá yẹn kúrò.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí ìbálòpọ̀, láìti ohunkóhun bọ ibẹ̀. Egbò ni, kòkòrò tètè ń gba ojú egbò wọlé, títí kan HIV. Tí ọkọ ò bá lè dúró rárá, kó lo kọ́ńdọ̀mù, ṣùgbọ́n dídúró ló dára jù. Tí ibà bá dé, tí ikùn bá ń dùn yín gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ju ti nǹkan oṣù lọ, tàbí tí omi náà bá ń rùn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ padà lọ. Tí ọdún bá sì yí po, ẹ lọ kí wọ́n tún yẹ̀ yín wò. Ibi tí àwọn obìnrin wa ti ń já sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gba ìtọ́jú, ara á yá, wọn ò ní padà mọ́.

Arábìnrin Fèyí (Ọ̀wútù)

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí wọ́n kàn fi ojú lásán wò ó kí wọ́n sì jó o lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n sọ fún àbúrò mi náà pé pósítíìfù. Ó lọ ṣe Pap smear, wọ́n ha sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lẹ́nu ilé-ọmọ rẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, èéràn lásán ni, wọ́n fún un ní oògùn. Ká ní ó gbà kí wọ́n jó o ńkọ́? Ìyá Ayọ̀, ẹ lọ ṣe Pap smear ná.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Arábìnrin Fèyí, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ojú la fi ń wo VIA, ó sì máa ń pe nǹkan mìíràn ní pósítíìfù nígbà mìíràn, pàápàá tí èéràn bá wà níbẹ̀. Àwọn elétò ìlera lágbàáyé, WHO, gan-an ti sọ láti 2021 pé àyẹ̀wò HPV tí wọ́n ń ṣe ní láàbù ló yẹ kó ṣáájú, níbi tí agbára bá ká a. Òun dá mi lójú ju Pap smear àti VIA lọ, obìnrin sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa nǹkan tí wọ́n á yẹ̀ wò. Tí owó àti àyè bá wà, kò burú kí Ìyá Ayọ̀ ṣe é.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Obìnrin á gba ìwé láàbù, owó ò ní sí, èsì á pẹ́, ọjà á pè é, ọmọ á ṣàìsàn, a ò ní rí i mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ní ká tọ́jú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Jíjó ibi tí kò yẹ ká jó, omi á tú, á jiná. Fífi èyí tó yẹ ká jó sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń yọrí sí. Tó bá fẹ́ lọ láàbù, kó lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó má jẹ́ "tó bá yá".

Bàbá Dámi (Òdogunyàn)

Ẹ má bínú pé ọkùnrin dá sí i, ìyàwó mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí. Nọ́ọ̀sì, ẹ ní ìbálòpọ̀ ló ń gbé e rìn. Èmi kì í rìn ìrìnkurìn. Tí wọ́n bá ní ìyàwó mi ní in, ibo ló ti rí i? Mo rò pé ìbéèrè tí ọkọ Ìyá Ayọ̀ náà máa bi í nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Bàbá Dámi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀yin ọkùnrin kì í sábà bi wá lójú. Ìbéèrè yìí ti da ilé mélòó kan rú lójú mi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn rẹ̀. HPV lè wọ ara èèyàn kó dákẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ti ẹni tí ìyàwó yín fẹ́ kẹ́ ẹ tó pàdé. Ó lè jẹ́ ti ẹni tí ẹ̀yin náà fẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nínú gbogbo àwa tá a ti ní ìbálòpọ̀ rí, èyí tó pọ̀ jù lọ ló ń kó o nígbà kan ní ayé wa. Èsì àyẹ̀wò obìnrin kò fi hàn pé ọkọ tàbí ìyàwó yan àlè.

Kò sì sí àyẹ̀wò kan tá a ń ṣe fún ọkùnrin láti mọ̀ bóyá ó ní in. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn. Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù, kò dí gbogbo ojú ọ̀nà, torí ara tó kan ara lábẹ́ tó láti gbé e. Ohun tí ọkọ lè ṣe ni kó sin ìyàwó rẹ̀ lọ, kó sì fara da oṣù kan yẹn.

Bàbá Dámi (Òdogunyàn)

Ó yé mi. Ẹ ṣeun gan-an. Màá gbé e lọ ṣe tiẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n màá sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja ní Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá sùn, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Díẹ̀ ni. Ó sọ fún ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ́jà, ìyẹn ní bóyá ọjọ́ orí ni, pé nǹkan oṣù ló fẹ́ dáwọ́ dúró. Ó ra agbo. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn èéràn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ìju ni, kò sẹ́ni tó fi irin wò ó wò. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ àti àríyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó. Ó ń di káńfọ̀ mọ́ inú ìró ẹ̀ kí wọ́n má bàa gbóòórùn ẹ̀. Èmi tá a jọ ń gbé àgbàlá kan, mo rò pé torí eku ló ṣe ń ra káńfọ̀.

Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ní ó ti kọjá ibi tí wọ́n lè gé, pé ìtọ́jú ìtànṣán ni. Ẹ mọ owó tí ìyẹn ń náni, ẹ sì mọ bí Ẹ̀pẹ́ ṣe jìnnà sí Ìdí-Àràbà fẹ́ni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀. A ò pẹ́ pàdánù ẹ̀.

Ìyá Ayọ̀, kò síbi tó ń dùn yín, wọ́n sì ti rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí àǹfààní yẹn. Màmá Bàráká, ẹ forí jì mí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún obìnrin tí wọ́n ti rí nǹkan lára ẹ̀ pé kó lọ máa jókòó lé omi álọ́ọ̀mù. Obìnrin tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù méjì, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ẹ má bá a wá ìdí kankan. Ẹ ní kó lọ kí wọ́n fi irin wò ó.

Màmá Bàráká (Ìjẹ̀dẹ̀)

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ sáfẹ́fẹ́ ire. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Agbo ní iṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bú u, òun la fi tọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní wọ́n rí nǹkan, kó lọ. Ìyá Ayọ̀, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé màmá kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ ní kó jẹ́ kó o lọ.

Afárá Oyin

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sọ ibi tí mò ń gbé. Mò ń lo oògùn HIV, mi ò tíì pé 30. Ní kílíníìkì tí mo ti ń gba oògùn, wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò yìí, mo ní mo ṣì kéré. Ṣé ó kàn mí?

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Àbúrò mi, ó kàn ẹ́ ju gbogbo wa lọ. Obìnrin tó ní HIV wà nínú ewu jẹjẹrẹ yìí ní ìlọ́po mẹ́fà ju ẹni tí kò ní, ó sì lè yára di jẹjẹrẹ láàárín ọdún 5 sí 10 níbi tí agbára ara bá ti rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí WHO fi ní kẹ́yin bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 25, nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ̀rẹ̀ láti 30. Àyẹ̀wò HPV tí láàbù bá ṣe, ẹ̀yin á máa ṣe é ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún síra. Má fi oògùn rẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun ló ń dá ààbò bò ọ́. Nígbà tó o bá tún lọ gba oògùn, sọ fún wọn pé o ti ṣe tán.

Tísà Ìpakodò

Kẹ́ ẹ má gbàgbé ọmọ ọdún 11 yẹn o. Mo wà nílé ìwé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ HPV wá ní oṣù kẹwàá 2023, Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kan wá gbé ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní òyìnbó fẹ́ sọ wọ́n di àgàn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, lápá, ọ̀fẹ́, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Àwọn tó gbà á ní kíláàsì tèmi, apá dun àwọn kan, orí fọ́ ẹnì kan, lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ń fò kiri.

Ìyá Gbọ́lá (Àgríkì)

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á ní ilé ìwòsàn aládàáni, mẹ́ta ni wọ́n ní kó gbà, owó gidi ni wọ́n san. Ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Èmi ò sì tíì gbà pé nǹkan ọ̀fẹ́ kò ní ohun tó wà nídìí ẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin nìkan? Kí ló dé tó jẹ́ ọmọdé tí kò mọ ọkùnrin?

Tísà Ìpakodò

Ìyá Gbọ́lá, ọdún mélòó ni ọmọ náà nígbà yẹn? Ìgbà kan wà tó jẹ́ mẹ́ta, ó di méjì fún àwọn ọmọ kékeré. Ní oṣù kejìlá 2022 ni WHO wá sọ pé ẹyọ kan tó fún ọmọ ọdún 9 sí 20, òun ni ìjọba wa sì ń tẹ̀ lé fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn aládàáni ṣì lè ní kí ẹni tó ti kọjá 14 gbà ju ẹyọ kan lọ.

Torí pé wọn ò tíì mọ ọkùnrin la ṣe ń fún wọn. Abẹ́rẹ́ yìí kì í lé kòkòrò tó ti wọlé, ńṣe ló ń dènà kó tó dé. Ti àgàn, Rùwáńdà ti bẹ̀rẹ̀ láti 2011, àwọn ọmọ tó gbà á nígbà yẹn ti dàgbà tó ìyàwó ilé. Ní Skọ́tílándì, wọ́n ti ń fún wọn láti 2008. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ni pé wọn ò tíì rí ẹyọ obìnrin kan tó gbà á pé ní ọdún 12 tàbí 13 tí jẹjẹrẹ yìí mú. Mo ní ọmọbìnrin méjì, àwọn méjèèjì ti gbà á.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Tísà ti sọ ọ́ tán. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un: ọmọ tó bá gbà á ṣì máa wá ṣe àyẹ̀wò tó bá dàgbà, torí abẹ́rẹ́ náà kò kó gbogbo irú HPV pọ̀. Ti ìdí tó fi jẹ́ obìnrin nìkan, àwọn ìlú mìíràn ń fún ọmọkùnrin náà. Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kú ikú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ jẹun kó tó wá, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn míì máa ń bẹ̀rù débi tí òyì á fi kọ́ wọn.

Ìyá Gbọ́lá (Àgríkì)

Mo gbọ́. Màá bá bàbá wọn sọ ọ́ ná.

Alájà (Bàdágìrì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti lé ní 60. Wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò onífínígà yìí fún wa ní Bàdágìrì, wọ́n ní kí tèmi máa lọ, pé kò wúlò fún mi. Ó dùn mí, mo rò pé wọ́n lé mi torí arúgbó ni mí.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Alájà, wọn ò lé yín, ma. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ibi tí a ń wò yẹn á fà wọ inú ihò ẹnu ilé-ọmọ lọ, ojú wa ò ní rí i mọ́. Tá a bá ní kò sí nǹkan, irọ́ la lè máa pa fún yín. Pap smear tàbí àyẹ̀wò HPV ló bá yín mu. Tẹ́ ò bá ti ṣe ọ̀kankan rí, ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà kẹ́ ẹ béèrè fún un. Ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé fún yín níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n má kàn ní kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìyá Ayọ̀ (Ìgbógbó)

Gbogbo yín, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọmọ Ẹlẹ́ja, mo sunkún tì yín, Ọlọ́run á tu yín nínú.

Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo sọ fún ọkọ mi pé nọ́ọ̀sì fẹ́ rí àwa méjèèjì, ó gbà láti sìn mí lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Dámi àti ìdáhùn nọ́ọ̀sì sí i létí kó tó di pé ó bi mí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní ṣé òun náà lè kó o ràn mí, mo ní wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ká lọ. Ìyá ọkọ mi ṣì ń fajú ro, ṣùgbọ́n mo ka ti Màmá Bàráká sí i létí, ó ní ta ni màmá ọ̀hún, mo ní ará Ìjẹ̀dẹ̀ ni. Kò tíì sọ pé kí n má lọ mọ́.

Mi ò ní lọ láàbù ná. Arábìnrin Fèyí, mo mọ ara mi: tí mo bá gba ìwé yẹn, ọjà ni mo máa bá lọ. Màá jẹ́ kí wọ́n yẹ oyún wò, kí wọ́n ṣe é, kí n sì padà tí ọdún bá yí po. Ayọ̀ máa bá wa lọ gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Ìbejì (Ẹbúté)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé páàdì. Ẹ wọ yẹ̀rì tó gbòòrò tàbí ìró, kì í ṣe sòkòtò, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn láti gun bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ìyá Ṣèyí (Ìta Ẹlẹ́wà)

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan péré. Mo fi lúùpù sínú fún ìfètòsọ́mọ-bíbí. Ṣé wọ́n lè yẹ̀ mí wò, àbí kí n lọ yọ ọ́ ná?

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀tà

Ẹ má yọ ọ́. Wọ́n lè yẹ̀ yín wò pẹ̀lú ẹ̀, ẹ kàn sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè ṣọ́ okùn rẹ̀. Ẹ má lọ lásìkò nǹkan oṣù, ẹ má sì ní ìbálòpọ̀ tàbí ti ohunkóhun bọ ibẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú.